Ọwọ́ Tó Gé Àbíkẹ́yìn

Ẹ jẹ́ kí n bínú tán ná kí ẹ tó máa bẹ̀ mí. Gbogbo ẹni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ló máa ń yára sọ fún mi pé ìbínú ò da nǹkan, sùúrù ni baba ìwà. Mo mọ̀. Ẹni tí wọn ò bá gé nǹkan tiẹ̀ ni òwe yẹn máa ń wá sí lẹ́nu.

Òdòdó ni mò ń gbìn, òun náà ni mò ń tà. Ṣọ́ọ̀bù mi wà níwájú ilé bàbá mi, ọgbà wà lẹ́yìnkùlé. Àwọn oníbàárà mi kì í fèsì tí mo bá ń pariwo lé wọn lórí pé kí wọ́n má fọwọ́ tẹ òdòdó tí kò tíì là. Wọ́n á rà, wọ́n á lọ, ó di ìta kí wọ́n tó pè mí ní Ẹ̀gún. Mò ń gbọ́. Kò dùn mí rárá, nítorí róòsì tí kò bá lẹ́gùn-ún, gbogbo ọwọ́ ni yóò máa já a.

Ìyá mi bí ọmọ méjì, èmi àti àbúrò mi ọkùnrin. Ẹ̀kẹta tó pè lọ́mọ, igi róòsì ni. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré, irú èyí tí àwọn obìnrin fi ń kun ìpéǹpéjú, kó ìyẹ̀fun inú òdòdó kan, ó fi pa inú òmíràn, ó sì fi bébà bò ó kí kòkòrò má bàa bá a dá sí i. Nígbà tí èso rẹ̀ gbó, ó gbìn ín. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó hù kò dáa. Ó fà wọ́n tu, ó tún bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi ní òun ti ń rò ó pé bóyá orí rẹ̀ ti fẹ́ yí. Ọdún ń gorí ọdún títí ọ̀kan fi yọ tó ní àwọ̀ pupa inú ẹyin, tí ara rẹ̀ jọ̀lọ̀, tí ẹ̀gún rẹ̀ ò tó nǹkan, tí òórùn dídùn rẹ̀ máa ń pàdé ènìyàn lẹ́nu géètì. Ìyá mi wo igi náà, ó wo èmi, ó ní àṣé ìgbẹ̀yìn lòun ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ọmọ bí. Ó sọ ọ́ ní Àbíkẹ́yìn.

Àmọ́ ẹsẹ̀ Àbíkẹ́yìn ò ràn án. Tí a bá gbìn ín sórí gbòǹgbò ara rẹ̀, òjò díẹ̀ ti tó láti jẹ́ kó rà. Ìyá mi bá wá róòsì ìgbẹ́, èyí tó máa ń yọ òdòdó funfun wẹ́wẹ́, tí ẹ̀gún bo gbogbo ara rẹ̀, tí gbòǹgbò rẹ̀ sì le bí irin. Ó la èèpo rẹ̀ nísàlẹ̀, ó bẹ́ ojú kan lára ẹ̀ka Àbíkẹ́yìn, ìyẹn ibi tí ewé tuntun ti fẹ́ rú, ó kì í bọ abẹ́ èèpo yẹn, ó sì dì í. Ojú náà gbà. Ibi tí àwọn méjèèjì ti so pọ̀ wú bí ìkúùkù, ibẹ̀ là ń pè ní kókó. Ohun tó bá wà lókè kókó, Àbíkẹ́yìn ni. Ohun tó bá yọ lábẹ́ kókó, róòsì ìgbẹ́ ni, tó fẹ́ gba gbòǹgbò rẹ̀ padà, ojú ẹsẹ̀ sì ni kí ẹ gé e. Tí ẹ bá dá a sí, á fún tòkè pa. Kò sí ọmọ tó dàgbà nílé wa tí kò mọ èyí kó tó mọ ábídí.

Ọ̀kan ṣoṣo ni a ní. Àwọn tó ń gbin òdòdó bẹ ìyá mi títí kó fún wọn lójú kan péré, kò gbà. Nígbà tó ń kú lọ, ó sọ fún bàbá mi pé òun ò fẹ́ kí wọ́n pín ọmọ òun káàkiri. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ mo bẹ bàbá mi kó jẹ́ kí n so ẹyọ kan sí i, mo ní olójú kan kì í tàkìtì òrépé. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí òun bá ṣì ń mí, ọ̀rọ̀ ìyàwó òun ni abẹ gé. Inú bí mi, mo bá tèmi lọ.

Bàbá mi fúnra rẹ̀, iṣẹ́ ìtọ́jú ọgbà ló ṣe ní ilé ìwé ńlá kan títí tó fi fẹ̀yìn tì. Ọlọ́wọ́ òsì ni. Sísọ́ọ̀sì onírin tí wọ́n fi ń gé ẹ̀ka, ti ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń tà káàkiri, òun sì fi òsì lò ó ní gbogbo ayé rẹ̀. Ní báyìí ìtọ̀ ṣúgà ti mú un, ojú rẹ̀ ti di kùrukùru, òjìji ènìyàn ló ń rí. Nígbà kan ẹ̀gún gún un níka, egbò yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ má san mọ́. Ni mo bá ra ìbọ̀wọ́ fún un, aláwọ tó nípọn, irú èyí tí àwọn wẹ́dà ń wọ̀. Mo sọ fún un pé ọjọ́ tí mo bá bá a nínú ọgbà láìwọ̀ ọ́, màá ju sísọ́ọ̀sì yẹn nù síbi tí kò ti ní rí i mọ́, àti pé kó má gé ohunkóhun tí mi ò bá sí ńlé. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ta ló ní ìyá mi ti kú, nígbà tí ẹnu rẹ̀ ṣì ń sọ̀rọ̀ lára mi.

Ó wá ku Ìyàwó, ìyẹn aya àbúrò mi. Pálọ̀ ló gbé máṣíìnì rẹ̀ sí, aṣọ ló ń rán níbẹ̀ láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. A máa kúnlẹ̀ kí mi, a sì máa pè mí ní Ọkọ mi, nítorí èmi obìnrin bíi tirẹ̀ yìí náà, ọkọ ló kà mí sí. Àmọ́ tó bá di ti òdòdó, kò mọ nǹkan kan. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé wa, mo bá a níbi tó ti ń bomi rin òdòdó oníke tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wá bẹ̀rẹ̀ nìyí. Mo rìnrìn àjò lọ ṣe òdòdó ìgbéyàwó fún àwọn kan, mo sùn síbẹ̀. Nígbà tí mo dé, ẹ̀yìnkùlé ni mo kọ́kọ́ gbà lọ, bí mo ṣe máa ń ṣe. Mi ò gbóòórùn nǹkan kan. Mo wo ìdí Àbíkẹ́yìn. Kókó ò sí níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ti gé e kúrò pátápátá, ibẹ̀ ṣófo bí ẹnu tí eyín ti ká. Ẹ̀ka róòsì ìgbẹ́ méjì tó yọ lábẹ́ rẹ̀, tó ti wà lọ́kàn mi pé màá gé tí mo bá dé, àwọn ni wọ́n dá sí. Wọn ò sì kàn dá wọn sí lásán o. Wọ́n ri igi tì wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n fi àjákù aṣọ dè wọ́n kí afẹ́fẹ́ má ṣẹ́ wọn, wọ́n tún bomi rin wọ́n. Wọ́n pa ọmọ tán, wọ́n wá ń fún ẹni tó fẹ́ pa á lọ́mú.

Mo lọgun. Gbogbo àdúgbò ló gbọ́. Mo já àjákù aṣọ yẹn, mo wò ó, aṣọ tí Ìyàwó ń rán lọ́wọ́ ni. Òun náà ti jáde sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, téèpù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Mo bi í pé ta ló ṣe èyí. Ó wo ilẹ̀. Ó wo fèrèsé yàrá bàbá mi. Ó wá kúnlẹ̀.

“Èmi ni, ẹ jọ̀ọ́, Ọkọ mi. Mo rò pé èyí tó gbó yẹn ti ń kú ni.”

Ohun tí mo sọ fún un kò ṣeé tún sọ tán. Mo ní ẹni tó ń bomi rin ike, kí ló gbé e dé ìdí ohun tó lẹ́mìí. Mo ní àṣé ẹni tó bá ń ṣe jẹ́jẹ́ gan-an ni kéèyàn máa ṣọ́. Mo ní ó wọlé wa, kò rí nǹkan mìíràn tí yóò bà jẹ́ àfi ohun kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù lára ìyá ọkọ rẹ̀. Mo kan ìyá tirẹ̀ náà. Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó ń fìka yí téèpù ọrùn rẹ̀, èyí sì tún bí mi nínú sí i, nítorí tí ènìyàn bá ń bínú, ẹni tí yóò bá a fà á ló ń wá.

Àbúrò mi ti ibi iṣẹ́ dé, ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní kí n forí ji aya òun, ó ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Mo bi í pé ẹwà wo. Mo sọ fún un pé aya rẹ̀ kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ ọgbà yẹn mọ́, kódà kí afẹ́fẹ́ gbé aṣọ oníbàárà rẹ̀ lọ síbẹ̀. Nígbà tó ní àwọn á kúkú wá ilé mìíràn, mo ní kí wọ́n má gbàgbé òdòdó ike wọn.

Bàbá mi ńkọ́? Ó jókòó sórí àga rẹ̀ nítòsí fèrèsé, ó kọjú sí ògiri. Mo gbé oúnjẹ fún un, ó ní ebi ò pa òun. Mo rò pé ọ̀fọ̀ ìyá mi ló tún ṣẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, àánú rẹ̀ ṣe mí, àánú yẹn sì tún da epo sí iná tó ń jó nínú mi. Nígbàkígbà tí mo bá ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, màá tún bú Ìyàwó, sókè ketekete, kí bàbá lè mọ̀ pé mò ń gbèjà òun. Máṣíìnì pálọ̀ gan-an kì í dún mọ́ tí mo bá ti wọlé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bàbá mi wà ní ilé ìwẹ̀, mo wọ yàrá rẹ̀ lọ gbálẹ̀. Bí mo ṣe fa kọ́tìnì, òórùn Àbíkẹ́yìn bò mí. Ìgò ńlá kan wà lójú fèrèsé, omi inú rẹ̀ mọ́ gaara, àwọn ẹ̀ka tí wọ́n gé sì dúró síbẹ̀ ní títò, òdòdó kan ti là lórí ọ̀kan nínú wọn. Ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń to nǹkan báyẹn nílé wa, ẹni tó máa ń to okùn ìránṣọ rẹ̀ ní àwọ̀ àwọ̀. Ara mi gbóná láti àtẹ́lẹsẹ̀. Ó pa á tán, ó tún fi òkú rẹ̀ ṣe ọ̀ṣọ́. Mo gbá ìgò náà mú, fèrèsé ti ṣí sílẹ̀, ó ku kí n sọ ọ́ síta. Omi dà sí mi láyà, ẹ̀ka kan yọ bọ́ sí mi lọ́wọ́, ìdí rẹ̀ kọjú sí mi.

Mo rí ojú ibi tí wọ́n ti gé e. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n gé e, kò ya, wọn ò tún un gé. Ó dagun bó ṣe yẹ kó dagun kí omi òjò má bàa dúró lórí rẹ̀. Ẹni tó ń bomi rin ike ò lè gé igi báyìí. Ìdagun yẹn wá kọ sí apá òsì, èèpo sì fọ́ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bó ṣe máa ń fọ́ tí wọ́n bá fi ọwọ́ òsì lo irin ọlọ́wọ́ ọ̀tún. Láti kékeré ni mo ti mọ ojú gígé yẹn. Kò sí igi kan lọ́gbà wa tí kò ní in lára. Mo yẹ ẹ̀ka kejì wò, mo yẹ ẹ̀kẹta wò, bákan náà ni. Mo jáde lọ wo ìdí tó kù nínú ọgbà, èyí tí ariwo tí mò ń pa kò jẹ́ kí n fara balẹ̀ wò láti ọjọ́ yìí wá. Bákan náà ni.

Mo lọ bá Ìyàwó nídìí máṣíìnì. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń gé aṣọ. Mo gbé ẹ̀ka náà síwájú rẹ̀, mo bi í pé ta ló gé e. Ó lanu, mo rí i pé ó tún fẹ́ sọ pé òun ni, mo sì sọ fún un pé tó bá tún purọ́ yẹn fún mi, èmi àti ẹ̀ jọ máa sunkún lónìí ni. Ló bá bú sẹ́kún. Ó ní ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mò ń bọ̀, bàbá ní òun fẹ́ tún ìdí Àbíkẹ́yìn ṣe kí n má bàa dé kí n sì máa pariwo. Bàbá wọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, bí mo ṣe pàṣẹ. Òun ń rán aṣọ oníbàárà lọ́wọ́. Nígbà tí òun fi máa jáde, bàbá ti gé e tán, inú rẹ̀ ń dùn, ó ń béèrè nǹkan tí òun máa fi dè é, ó ní ẹ ò rí bí ẹ̀ka méjèèjì ṣe lágbára. Ìyàwó kò mọ òdòdó, àmọ́ ó rí i pé èyí tó ń tanná ló wà nílẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ò gbà á láti sọ. Ó já aṣọ fún bàbá. Ó ṣa àwọn ẹ̀ka nílẹ̀, ó kì wọ́n sínú omi lójú fèrèsé bàbá níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí wọ́n má bàa rọ, ojoojúmọ́ ló sì ń pààrọ̀ omi náà. Ó fẹ́ sọ fún mi ní kọ̀rọ̀ tí mo bá dé. Èmi ni mi ò jẹ́ kó ráyè.

Mo bi í pé kí ló dé tó fi gbà pé òun ni.

“Tí mo bá ní bàbá ni, ẹ ò ní lè bú wọn,” ó ní. “Èmi, ẹ lè bú mi.”

Mo rò pé mo ti bínú tẹ́lẹ̀. Mi ò tíì bínú rárá. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, bàbá tèmi wà lọ́jà, ó jókòó sórí àga, ó sì kọjú sí ògiri. Láti ìgbà tí mo ti kọ́kọ́ lọgun ló ti mọ ohun tí òun ṣe. Ó gbọ́ gbogbo ohun tí mo sọ. Ó jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ fún òun, ó jẹ́ kí àbúrò mi máa wá ilé kiri. Nígbà tí mo padà wọ yàrá rẹ̀, ó ti wẹ̀ tán, ó ti jókòó. Ọ̀rọ̀ kún mi lẹ́nu, àmọ́ bàbá ẹni ni bàbá ẹni. Ẹyọ kan ṣoṣo ló jáde.

“Bàbá, ẹ gbọ́ gbogbo ohun tí mo sọ sí ọmọ yẹn.”

Ó fọwọ́ wá abẹ́ àga rẹ̀, ó yọ ìbọ̀wọ́ náà jáde, ó nà án sí mi.

“Mo wá kókó yẹn títí,” ó ní. “Nínú nǹkan yìí, gbogbo igi ló rí bákan náà. Nígbà tí mo gbọ́ ariwo rẹ ni mo mọ̀. Ojú tì mí, ọmọ mi. Iṣẹ́ tí mo fi tọ́ yín.”

Mo gba ìbọ̀wọ́ náà, mo mú ẹ̀ka Àbíkẹ́yìn kan dání, mo gba ọgbà lọ bí ẹni tí wọ́n lé. Mo wọ̀ ọ́. Mo di ojú mi, mo fọwọ́ pa ẹ̀ka Àbíkẹ́yìn tó jọ̀lọ̀, mo fọwọ́ pa ti ìgbẹ́ tó kún fún ẹ̀gún. Mi ò mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Èmi ni mo rà á. Èmi ni mo ní kó má bọ́ ọ. Mo bọ́ ọ, mo jù ú sórí òrùlé, ibẹ̀ ló sì wà dòní. Ìbínú mi ò rí ẹni tí yóò mú mọ́, kò sì tìtorí ìyẹn lọ.

Ibi tí mo dúró sí yẹn ni mo ti ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ẹ̀ka tó wà lọ́wọ́ mi bí ẹni tó mọ iṣẹ́. Ojú ara rẹ̀ ṣì tutù. Omi tí Ìyàwó ń pààrọ̀ ni kò jẹ́ kó gbẹ. Róòsì ìgbẹ́ méjì tí bàbá mi fi àṣìṣe dá sí, òun gan-an sì ni ẹni tó bá fẹ́ so ojú mọ́ gbòǹgbò ń wá. Mo padà lọ sọ fún bàbá mi. Mo ní àmọ́ ọ̀rọ̀ ìyá mi ńkọ́, torí méjì la máa so, n kò tún gbára lé ọ̀kan mọ́ láéláé. Ó ní ìyá mi ò mọ̀ pé ojú òun ọkọ rẹ̀ máa fọ́. Ó ní kí n so ó, kí n fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́.

Mo mú ọ̀bẹ. Ìbínú ò jẹ́ kí n fara balẹ̀. Mo bẹ́ ojú kan, ó bà jẹ́. Mo bẹ́ òmíràn, mo gé e jìn jù. Ẹ̀kẹta ni mo rí kì bọ abẹ́ èèpo ẹ̀ka kìn-ín-ní, mo dì í, kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ojú tó dáa kò pọ̀ mọ́ lára àwọn ẹ̀ka yẹn. Bàbá mi kò ríran, àbúrò mi kò mọ̀ ju kó dọ̀bálẹ̀ lọ. Mo bá kígbe pe Ìyàwó. Ó dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, ó dúró síbẹ̀, ó bi mí bóyá kí òun wọlé. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju gbogbo ẹkún rẹ̀ lọ. Mo ní kó wá.

Abẹ tó fi ń tú ojú rírán ló mú dání. Mo sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ó sì ṣe é. Ó la èèpo igi bí ẹni tó ń tú etí aṣọ, kò jìn, kò fẹ́lẹ́. Ó bẹ́ ojú náà lẹ́ẹ̀kan, ó tì í wọlé. Bàbá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìwọ ìbọ̀wọ́, ó fi ìka yẹ ibẹ̀ wò, òun ló sì dì í. Mi ò dúpẹ́. Mi ò bẹ̀ ẹ́.

Àbúrò mi àti aya rẹ̀ ò wá ilé kiri mọ́, máṣíìnì sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Lójoojúmọ́ ni mo ń lọ wo ojú méjèèjì. Ti èmi dúdú, ó gbẹ, ó re. Ti Ìyàwó wú, ó là, ó yọ ọ̀mùnú pupa tó ń dán. Ní àárọ̀ ọjọ́ tó ga tó ìka kan, mo mú bàbá mi lọ síbẹ̀. Ó fọwọ́ kan èyí tó kú, ó mi orí. Ó fọwọ́ kan èkejì, ó pa á láti ìsàlẹ̀ dókè, kò rí ẹ̀gún kankan.

Ó ní, “Ta ló so eléyìí nínú ẹ̀yin méjèèjì?”

Kí n tó lanu, Ìyàwó ti dáhùn lẹ́yìn wa pẹ̀lú garawa omi lọ́wọ́. Ó ní, “Ọkọ mi ni.”

Inú bí mi! Mo lọgun lọ́jọ́ yẹn tí àdúgbò fi gbọ́, bíi ti àkọ́kọ́. Mo ní irọ́ ni. Mo ní èmi ni mo so èyí tó kú, òun ló so èyí tó yè, kí gbogbo ẹni tó gbọ́ nígbà tí mo bú u wá gbọ́ èyí náà. Mo ní kò sí ẹni tí yóò tún gba ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn rù nílé yìí mọ́ níwọ̀n ìgbà tí mo bá ṣì lẹ́nu lára. Ó fẹ́ kúnlẹ̀. Mo di apá rẹ̀ mú, mo ní kó dúró bẹ́ẹ̀, kó máa bomi rin nǹkan rẹ̀.